Títì tí a ti lẹ́tà pa kò tíì fi ẹni tó kọ ọ́ pamọ́

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí Ìbàdàn láti gáréèjì Jabi ní Abuja, wọn yóò kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà fóònù yín sára rẹ̀, wọn yóò sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á lọ́hùn-ún kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ lè fi sẹ́lótéèpù di ẹrù náà yíká, kí ẹ tún fi okùn so ó. Awakọ̀ kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ yín, ó mọ ẹni tí ẹ rán an sí, ó mọ ọjọ́, ó mọ wákàtí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni íméèlì ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń béèrè bí òun ṣe lè kọ̀wé láìjẹ́ kí a mọ òun ló gbà pé tí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà bá ti wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, ó ti bùṣe. Ìdajì iṣẹ́ ni.

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn ń sọ pé ọkàn mi fà mọ́ ọ. Ọmọ tí wọ́n fi àrokò náà rán lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá dá a dúró lójú ọ̀nà, kò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí owó ẹyọ. Yóò kàn bi í pé: ta ló rán ọ, ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yẹn nìkan ti tó láti ba ilé ẹni jẹ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó rí ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fi owó lé lórí ní sẹkitéríàtì, obìnrin tó ń wá ìrànlọ́wọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń yẹ fóònù rẹ̀ wò lálaalẹ́, nọ́ọ̀sì tó mọ ibi tí oògùn ilé ìwòsàn ń gbà jáde: àwọn wọ̀nyí ni mo ń kọ èyí fún. Ẹni tó bá fẹ́ fi dẹ́rù ba ọmọlàkejì tàbí fi lu jìbìtì, kì í ṣe òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lára lẹ́tà yín báyìí. Ẹ ṣí íméèlì kan nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ìfèsì, kí ẹ yan "Show original". Àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Received" ni ìwé ìrìnnà lẹ́tà náà. Server (kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà, tó sì ń fi í ránṣẹ́ síwájú) kọ̀ọ̀kan tó gbà á máa ń fi ìlà tirẹ̀ lé orí, nítorí náà èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló dàgbà jù. Bí ẹni tó kọ lẹ́tà bá lo ètò íméèlì bíi Thunderbird tàbí Outlook pẹ̀lú server ọ́fíìsì, nọ́ńbà IP kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ń fi ibi tó ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì hàn, sábà máa ń wà nínú ìlà ìsàlẹ̀ yẹn. Àwọn server mìíràn máa ń kọ ọ́ sí abẹ́ "X-Originating-IP". Gmail tí a lò nínú bùráúsà kì í kọ IP yín síbẹ̀, àmọ́ Google fúnra rẹ̀ ní in lọ́wọ́, tí ilé ẹjọ́ bá sì béèrè, ó lè fi sílẹ̀.

Ìlà "Date" náà máa ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá parí pẹ̀lú +0100, aago Nàìjíríà ló bá mu. Ẹni tó bá ní Dubai ni òun ti ń kọ̀wé, tí aago rẹ̀ ń sọ +0100, ti tú ara rẹ̀ fó kí a tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú "Message-ID", ohun tó wà lẹ́yìn àmì @ lè jẹ́ orúkọ kọ̀ǹpútà tàbí ti ilé iṣẹ́. "Subject" ńkọ́? PGP, ètò tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà pa, tí Phil Zimmermann gbé jáde ní 1991, kì í ti àkọlé yìí pa. Thunderbird ti òde òní lè fi tótó mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun èlò mìíràn máa ń fi sílẹ̀ ní gbangba. Mo ti rí i tí wọ́n ń ti lẹ́tà pa, tí gbogbo ẹ̀sùn náà sì wà nínú àkọlé. Ẹ kọ "Ẹ kú iṣẹ́" síbẹ̀, kí ẹ sì fi mọ bẹ́ẹ̀.

Nípa nọ́ńbà fóònù, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: láti December 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so gbogbo síìmù mọ́ NIN. Àkáǹtì tí ẹ bá fi nọ́ńbà yín ṣí, orúkọ, àwòrán ojú àti ìka ọwọ́ yín ni ẹ fi ṣí i.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹnì kan dúró sáàárín. Johan Helsingius ṣe irú rẹ̀ ní Finland ní 1993, anon.penet.fi ni wọ́n ń pè é. Ẹ rán lẹ́tà sí i, ó bọ́ orúkọ yín kúrò, ó fún yín ní nọ́ńbà, ó sì fi í ránṣẹ́ síwájú. Ẹni tó bá fèsì sí nọ́ńbà yẹn, èsì náà á dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn tó ń lò ó kọjá 500,000. Àmọ́ kí èsì tó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, ìwé kan ní láti wà tó so nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mọ́ àdírẹ́sì gidi, ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ni ìwé náà sì wà. Ní 1995, Church of Scientology, ìjọ ẹ̀sìn kan ní Amẹ́ríkà, fi ẹjọ́ sùn, ọlọ́pàá Finland wá, ó sì di dandan fún un láti tú àdírẹ́sì ẹnì kan sílẹ̀. Ní August 1996 ó ti í pa. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ya aláìṣòótọ́. Ohun tó fà á ni pé ìwé náà wà. Ibi tí ìwé bá wà, wọ́n lè gbà á, wọ́n lè jí i, wọ́n lè ra ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá béèrè nípa SimpleLogin, addy.io tàbí Firefox Relay, àwọn tó ń fúnni ní àdírẹ́sì ìbòjú, pé wọ́n dára, mo fẹ́ràn wọn fún ọ̀rọ̀ ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì àti fún àwọn tó ń fi ìpolówó yọni lẹ́nu. Wọ́n ń fi àdírẹ́sì yín pamọ́ fún ẹni tó gba lẹ́tà. Wọn kò fi í pamọ́ fún ara wọn. Ẹ má fi wọ́n tú àṣírí ọ̀gá yín.

David Chaum, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ti fi ọ̀nà tó dára jù hàn láti 1981. Ẹ jẹ́ kí n fi gáréèjì ṣàlàyé rẹ̀, kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún server kan. Ẹ kọ "Ìbàdàn" sára lẹ́tà, kí ẹ fi í sínú àpòòwé tí awakọ̀ Àkúrẹ́ nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ kọ "Àkúrẹ́" sára àpòòwé yẹn, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sínú òmíràn tí awakọ̀ Lọ́kọ́ja nìkan lè ṣí. Ẹ kọ "Lọ́kọ́ja" sára ìyẹn náà, kí ẹ fi í sínú ẹ̀kẹta tí awakọ̀ Jabi nìkan lè ṣí. Awakọ̀ Jabi mọ̀ yín, àmọ́ Lọ́kọ́ja nìkan ló rí. Awakọ̀ Lọ́kọ́ja mọ Jabi àti Àkúrẹ́, kò mọ̀ yín, kò sì mọ Ìbàdàn. Awakọ̀ Àkúrẹ́ mọ Ìbàdàn, kò mọ ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó lè so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ òpin, àwọn awakọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní láti jùmọ̀ dalẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá jẹ́ olóòótọ́, okùn ti já.

Àmọ́ àpòòwé nìkan kò tó, ibí yìí ni ìmọ̀ gidi wà. Bí ọ̀tá bá dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì Lọ́kọ́ja tó ń wo ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde, kò nílò kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹrù ńlá kan wọlé, ẹrù ńlá kan jáde: ó ti mọ̀. Nítorí náà gbogbo ẹrù gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Mixmaster, ètò íméèlì kan tó tẹ̀lé èrò Chaum, sọ gbogbo lẹ́tà di báìtì 20,480: orí ogún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 512, àti ara tó jẹ́ 10,240. Server tó bá gbà á máa ń bọ́ orí tó wà lókè kúrò, ó ń sún ìyókù sókè, ó sì ń fi pàǹtírí tí kò ní ìtumọ̀ dí àyè tó ṣófo nísàlẹ̀ kí ìwọ̀n má baà yí padà. Lẹ́tà tó bá tóbi jù, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́.

Ẹrù kan wọlé ní aago mẹ́wàá, ẹrù kan jáde ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà: ó tún ti mọ̀. Nítorí náà server ní láti kó ọ̀pọ̀ lẹ́tà jọ, kó pò wọ́n pọ̀, kó fi díẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn, kó tó rán ìyókù lọ láìtẹ̀lé bí wọ́n ṣe dé. Wákàtí, nígbà mìíràn ọjọ́, ni èyí máa ń gbà. Ọgbọ́n kẹta ni pé server gbọ́dọ̀ rántí lẹ́tà tó ti kọjá, kó kọ̀ ọ́ bó bá tún padà wá. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀tá lè ká lẹ́tà yín mọ́ ojú ọ̀nà, kó rán an wọlé nígbà ọgọ́rùn-ún, kó sì wo ẹnu ọ̀nà tí nǹkan kan náà ti ń jáde nígbà ọgọ́rùn-ún.

Ṣé kí ẹ wá lọ lo Mixmaster lónìí? Èrò tèmi ni pé kí ẹ má lò ó. Àwọn server rẹ̀ tó kù kò pọ̀, àwọn tó ń lò wọ́n kò pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ni ìbòjú. Bí ẹ bá wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú ẹgbàárùn-ún ènìyàn nínú ọjà Wuse, ta ló máa dá yín mọ̀? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin mẹ́ta ló wọ̀ ọ́, wọ́n á kàn pe ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. Tor, ètò kan tó ń fi ibi tí ẹ ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́, ní àwọn tó ń lò ó ju ti èyíkéyìí lọ, server mẹ́ta ló sì ń gbà kọjá gẹ́gẹ́ bí àpòòwé mẹ́ta òkè yẹn. Ohun tí kò ní ni ìdúró: ó ń sáré, nítorí wọ́n ṣe é kí a lè fi ka ìkànnì. Ẹni tó bá ń wo ẹnu ọ̀nà ìwọlé àti ti ìjáde lẹ́ẹ̀kan náà lè fi àkókò so wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ìdúró náà kún un.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ̀. Ní December 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Harvard ní Amẹ́ríkà fi Tor àti Guerrilla Mail, íméèlì ìgbà díẹ̀, rán lẹ́tà irọ́ pé bọ́ǹbù wà ní iléèwé, kí wọ́n lè sún ìdánwò síwájú. Ohun tó ṣe burú, ó sì tọ́ bí wọ́n ṣe mú un. Ẹ kàn wo bí wọ́n ṣe mú un: kò sẹ́ni tó já Tor. Lẹ́tà náà fi hàn pé láti inú Tor ló ti jáde. Wọ́n wá yẹ ìwé wáìfáì iléèwé wò láti mọ ẹni tó lo Tor lásìkò yẹn, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n bi í, ó sì jẹ́wọ́. Òṣìṣẹ́ tó bá ṣí Tor lórí wáìfáì ọ́fíìsì ní Maitama láti tú ìwà ìbàjẹ́ ọ́fíìsì náà sílẹ̀ ti bọ́ sínú kòtò kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun rere ló ń ṣe.

Nítorí náà, kì í ṣe láti ọ́fíìsì, kì í ṣe lórí láptóòpù ọ́fíìsì, kì í sì í ṣe lórí fóònù tí ọ́fíìsì fún yín. Ẹ wá flash tó tó 8 GB, ẹ lọ sí tails.net, ẹ gba Tails sílẹ̀, ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà láti orí flash (dátà rẹ̀ ju 1 GB lọ, ẹ múra sílẹ̀), kí ẹ sì lo bọ́tìnì ìkànnì náà láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì náà pé láìsí àbùlà, kí ẹ tó fi í sórí flash náà. Lórí Dell àti Lenovo, F12 lẹ máa tẹ̀ bí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ lè yan flash náà. Lórí HP, Esc, lẹ́yìn náà F9. Tails ń gba inú Tor kọjá fún gbogbo nǹkan, aago UTC ló ń lò, bí ẹ bá sì pa á, kò ní fi ohunkóhun sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà. Bí ó bá jẹ́ síìmù yín lẹ fi ń fúnni ní íntánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lè rí i pé ẹ ń lo Tor, bí kò tilẹ̀ rí ohun tí ẹ ń ṣe. Kí ó má baà rí ìyẹn náà, ẹ yan bridge, server Tor tí kò sí nínú àkójọ gbangba, nígbà tí ẹ bá ń so Tor pọ̀, irú obfs4. Òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ tó ní wáìfáì ní Wuse tàbí Gwarinpa dára, àmọ́ kámẹ́rà wà níbẹ̀, fóònù tó wà lápò yín sì ń sọ ibi tí ẹ wà. Ẹ fi í sílẹ̀ nílé kó wà ní títàn, bó ṣe máa ń wà lójoojúmọ́.

Proton àti Tuta ni mo máa ń dárúkọ fún àkáǹtì íméèlì. Ẹ ṣí i láti inú Tor, ẹ má fi nọ́ńbà tàbí íméèlì àtijọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀nà ìgbàpadà. Proton lè ní kí ẹ fi nǹkan jẹ́rìí ara yín, Tuta lè ní kí ẹ dúró ọjọ́ méjì. Ẹ ní sùúrù, ẹ má fi ìkánjú mú nọ́ńbà yín jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣí àkáǹtì yẹn láìsí Tor láé, àní ẹ̀ẹ̀kan. Ní 2021, àwọn aláṣẹ Switzerland pàṣẹ fún Proton kó máa kọ IP ajàfẹ́tọ̀ọ́ ojú ọjọ́ kan ní Faransé sílẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí òfin ni. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, wọn kò rí i kà. IP ló gbé ẹni náà jáde. Tó bá jẹ́ Tor ló fi ń wọlé ni, IP Tor ni wọn ì bá rí. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kùnà jù ni áàpù: wọ́n ṣí àkáǹtì dáadáa, ó di ọjọ́ kejì, wọ́n fi áàpù rẹ̀ sórí fóònù wọn kí èsì má baà pẹ́ lójú wọn. Ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n fi IP ara wọn lé ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí àkáǹtì náà sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lò ó. Kí ọjọ́ tí ẹ rí ìwé náà má jẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé. Ẹ sì kíyè sí iná: bí ó bá jẹ́ ìgbà tí iná bá wà ní Kubwa nìkan ni lẹ́tà yín ń jáde, tí ó bá sì lọ, èsì yín dúró, ẹni tó bá fara balẹ̀ kọ àkókò yẹn sílẹ̀ fún oṣù kan ti mọ àdúgbò yín. Bákan náà ni ìsinmi ọdọọdún: ẹ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nípa ẹni tó ń gba lẹ́tà, a kì í sábà rántí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewu tirẹ̀ kò kéré. Bí ẹ bá fi GnuPG, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ PGP, ti lẹ́tà pa fún un, nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà lójú fáìlì náà, ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè fi mọ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Nínú àṣẹ gpg tí ẹ ń tẹ̀, ẹ lo -R, ti ńlá, dípò -r ti kékeré, nọ́ńbà náà á di òdo. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò dán gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó ní wò títí ọ̀kan á fi ṣí i. Ẹ tún yẹ gpg.conf yín, fáìlì ètò GnuPG, wò bóyá ìlà kan wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "encrypt-to". Bí ó bá wà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ti lẹ́tà náà pa fún ara yín pẹ̀lú, nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ tiyín sì wà lára lẹ́tà tí ẹ ní a ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́. Thunderbird náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Bcc kò gbani níbí: ó fi àdírẹ́sì pamọ́, ó fi nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ gbogbo àwọn tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tó fi ẹni tó ń gbà pamọ́ pátápátá. Lórí Usenet, pátákó ìjíròrò àtijọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibì kan wà tí ń jẹ́ alt.anonymous.messages, tí gbogbo ènìyàn ń ju lẹ́tà títìpa sí, tí olúkúlùkù sì ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé láti wá tirẹ̀. Níwọ̀n bí gbogbo wọn ti kó gbogbo rẹ̀, ta ló mọ èyí tó jẹ́ ti ta? Síbẹ̀, ní 2013, Tom Ritter, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, fi hàn pé àṣìṣe àwọn tó ń lò ó ti so ọ̀pọ̀ lẹ́tà pọ̀ mọ́ra: páswọ́ọ̀dù tó rọrùn, àkọlé tí wọ́n ń tún lò. Ètò tó dára kò gba ẹni tí kò fara balẹ̀.

Ẹni tó ń gbà gbọ́dọ̀ ti ọ̀nà àwòrán pa. Lẹ́tà lè gbé àwòrán kan tí kò ju ẹyọ tótó lọ, tó ń bẹ lórí server ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ṣí lẹ́tà, server yẹn ti mọ̀ pé ẹ kà á àti aago tí ẹ kà á. Nínú Gmail, ẹ lọ sí ètò, ẹ yan "Ask before displaying external images". Gmail ń fi IP yín pamọ́ fún àwòrán bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í fi pamọ́ pé ẹ ti ṣí i. Kí ẹni tó gba lẹ́tà má sì fi í ṣọwọ́ sí ọ́fíìsì bó ṣe wà. Kó tún un kọ.

Ìwé tí ẹ fi mọ́ lẹ́tà ló ń pa ọ̀pọ̀ jù. Word ń pa orúkọ ẹni tó kọ ọ́ mọ́, àwòrán fóònù ń pa ibi tí a ti yà á mọ́. Metadata Cleaner wà nínú Tails, ẹ fi fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò lè fọ tábìlì yín tó hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kò lè fọ àwọn tótó aláwọ̀ ìyẹ̀yẹ́ kéékèèké tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ ń tẹ̀ sára bébà, tó ń sọ nọ́ńbà ẹ̀rọ. Kò sì lè fọ òtítọ́ yìí pé ènìyàn mẹ́ta péré ni wọ́n fi ìwé náà hàn. Ẹ ka iye wọn kí ẹ tó rán ohunkóhun. Bí wọn kò bá pọ̀, ẹ má rán ìwé náà rárá. Ẹ sọ ibi tí àwọn olùwádìí ti lè rí i fúnra wọn. Ẹ sì kọ gbólóhùn kúkúrú. Bí ẹ bá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà kan ṣoṣo ní ẹ̀ka yín, tí Ìjẹ̀ṣà sì yọ nínú ọ̀rọ̀ yín, kò sí Tor tó lè bò ó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ló kù. Ètò tí iléeṣẹ́ ìṣúná ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní December 2016 ṣèlérí 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá gbà padà fún ẹni tó ta wọ́n lólobó. Ẹni tó bá fara pamọ́ pátápátá, báwo ni yóò ṣe fi hàn pé òun ni? Nínú Tails, ẹ ṣí Persistent Storage, àyè tó ń pa nǹkan mọ́ sórí flash náà, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ PGP tuntun sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí kò jẹ́ tiyín, ẹ fi apá rẹ̀ tó ṣeé fi hàn mọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ yìí fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pinnu láti yọjú, ẹ̀yin nìkan lẹ máa lè tún fọwọ́ sí nǹkan pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí flash Tails kejì, kí ẹ sì kó méjèèjì sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí flash bá bàjẹ́ tàbí ẹ gbàgbé páswọ́ọ̀dù rẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó lè bá yín mú kọ́kọ́rọ́ náà padà.